Ẹ Bi Wá: Físíò àti káàdì adójútòfò ìlera ní Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ kọ sí abala yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ń sọ: dókítà ní kí aláìsàn lọ máa ṣe físíò (ìtọ́jú tí ń fi ìdárayá dá agbára padà sí iṣan àti oríkèé ara; orúkọ yẹn náà ni a fi ń pe ẹni tí ó ń ṣe é), káàdì adójútòfò ìlera ti ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò gbà á. A mú mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà náà. Èyí àkọ́kọ́ ni a dáhùn ní kíkún jù, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌKỌ́LÉ-ÈKÌTÌ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni baálé mi, ọgbà wọn tí ó wà ní Ìkọ́lé níbí ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà gbá a ṣubú, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ nítòsí orúnkún, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ ṣe físíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọn kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúnkún náà kò ṣeé ká dáadáa títí di ìsinsìnyí. Mo lọ bá físíò aládàáni kan, ó ní òun kì í gba káàdì ìjọba, owó ọwọ́ ni òun ń gbà. Orúkọ ọkọ mi àti ti àwa ará ilé rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ṣé kò sí físíò tí ó ń gba káàdì yìí ní agbègbè wa ni? Èmi ni Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìfaradà. Ọlọ́run yóò dá ẹsẹ̀ baálé yín padà sí ipò.

Físíò tí ó ń gba káàdì wà ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà físíò kọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ilé ìwòsàn tí baálé yín yàn nígbà tí ó ń forúkọ sílẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ Àjọ Adójútòfò Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, NHIA, èyí tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò NHIS tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ HMO ni ó ń san owó ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn. Lóṣooṣù ni HMO ń san iye kan pàtó fún ilé ìwòsàn tí ẹ yàn lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín, ìbáà ṣe pé ẹ ṣàìsàn tàbí ẹ kò ṣàìsàn, owó yẹn ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ibà, ikọ́ àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Owó oṣooṣù yìí kò kárí físíò. Ìtọ́jú ìpele kejì ni wọ́n ka físíò sí, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe gan-an ni HMO sì ń san owó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí HMO fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí ó sì fi kóòdù kan, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, ránṣẹ́, kí físíò tó gba aláìsàn wọlé lórí káàdì.

Nítorí náà, ẹ má bínú sí físíò aládàáni tí ó dá yín padà. Bí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò bá sí lára àwọn tí NHIA ti fọwọ́ sí, tàbí tí aláìsàn kò mú kóòdù wá, kò sí ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tí ó yẹ kí a bi ní ìbéèrè ni àwọn tí ó dá baálé yín sílẹ̀ láì sọ ohun tí ó kù fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó gba ọgbọ́n àti owó ńlá, wọ́n á wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa físíò sórí ìwé, aláìsàn á sì máa rìn káàkiri ìgboro bí ẹni tí ó ń wá ọmọ tí ó sọnù. Gbogbo ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó ti bá aláìsàn parí ọ̀rọ̀ físíò kí ó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ kò sọ fún wa bóyá káàdì yìí ni ó san owó iṣẹ́ abẹ náà. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ ti rìn jìnnà ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé HMO ti mọ̀ nípa ẹsẹ̀ náà, ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sì lè béèrè pé kí wọ́n fi físíò kún un. Ẹ padà lọ bá òṣìṣẹ́ tí ó ń mójú tó adójútòfò níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ àti fọ́tò eegun tí wọ́n yà, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí baálé yín yàn. Ẹ sọ fún dókítà pé lẹ́tà referral, èyí tí wọ́n fi ń rán aláìsàn lọ sí ibòmíràn, sí ẹ̀ka físíò ni ẹ ń fẹ́, kí ó sì dárúkọ ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ lọ sínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni yóò béèrè kóòdù lọ́wọ́ HMO, iṣẹ́ wọn ni. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ máa jó owó fóònù nítorí rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni NHIA ti pa á láṣẹ pé HMO kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kí ó tó dáhùn ẹni tí ó béèrè kóòdù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí àṣẹ yìí, kí ẹ sì ní sùúrù jókòó síbẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá pè.

Ibo ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìkọ́lé níbẹ̀ bóyá físíò ń wá tọ́jú ènìyàn lọ́dọ̀ wọn, kódà bí ó jẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn ńlá méjì tí ó jẹ́ ti ìjọba ni ó ní ẹ̀ka físíò tí ó dúró dáadáa ní ìpínlẹ̀ wa: EKSUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó wà ní Adó, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà wà ní Adó, ṣùgbọ́n ti aládàáni ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ HMO yín bóyá wọ́n jọ ní àdéhùn. Láti Ìkọ́lé, ẹ ó gba Ọ̀yẹ́ dé Ìfàkì, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti yà. Èyí tí ó lọ sí Ìdó kúrú gan-an ju èyí tí ó gba Ìwòrókò wọ Adó lọ. Fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká, tí yóò máa na ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Ìdó ni n ó yàn, àfi bí ó bá jẹ́ pé Adó ni oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ wà, tí ẹ lè fi ọjọ́ àyẹ̀wò àti ọjọ́ físíò pọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn tuntun. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, àwọn físíò tí ó sì ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun pọ̀. Ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ni iye ìgbà tí kóòdù kan kárí. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì: wọ́n á rò pé kóòdù tí wọ́n gbà yóò bá wọn dé òpin ìtọ́jú, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ físíò lọ́jọ́ kan, wọn á ní ó ti tán. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá ku ìgbà méjì, ẹ ní kí físíò kọ bí orúnkún ṣe ń ká sí àti ohun tí ó kù, kí wọ́n fi béèrè kóòdù mìíràn, nítorí pé àkọsílẹ̀ físíò fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tí HMO lè rí.

Ní ti owó, ẹ óò san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Físíò tí ó bá wá sílé sábà máa ń jẹ́ owó ara ẹni. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ náà, ẹ má gbójú lé e pé káàdì yóò rà á. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó rà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé dá ẹsẹ̀ náà dúró. Orúnkún tí a kò lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ máa ń gan sí i lójoojúmọ́ ni, iṣan itan á sì máa gbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń dúró de kóòdù, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ ní ìbéèrè méjì: ṣé ó ti lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀, àti pé ibo ni ó lè ká orúnkún dé báyìí? Bí kò bá tíì fún un láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ibùsùn pàápàá, ó lè máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò láti ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì máa fún iṣan itan le nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà, kí ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tún dẹ̀ ẹ́, bí ó bá ti lè ṣe é tó nínú ọjọ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á tàbí kí ó fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Bí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá wú lójijì tí ó sì ń gbóná tí ó ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kò bá já gaara mọ́, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Irú pàjáwìrì bẹ́ẹ̀ kì í dúró de lẹ́tà referral.

Bí ilé ìwòsàn tí ó yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bá jìnnà sí Ìkọ́lé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó kọ̀wé sí HMO. Ẹ ṣe ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí kóòdù gbà, kí ìpààrọ̀ má baà dí físíò lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ADÓ-ÈKÌTÌ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní Adó, orúkọ mi sì wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi ní Òmùò, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò lágbára mọ́. Mo ti gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ fi káàdì mi ṣe físíò fún wọn, wọ́n ní orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú aájò ìyá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Lábẹ́ ètò ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni káàdì kan kárí. Bàbá àti ìyá kò sí lára wọn. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu, nítorí pé ní ilẹ̀ wa òbí ni a kọ́kọ́ ń kà mọ́ ara ilé, èmi náà sì gbà pé ó yẹ kí àwọn tí ó ń ṣètò yìí tún èrò pa lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lè san owó àfikún kí wọ́n fi òbí rẹ̀ kún un. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ ní Adó, kí ẹ béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpínlẹ̀ rí àti iye àfikún yẹn, kí ẹ tún béèrè iye tí ìyá yín fúnra wọn yóò san bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ bi wọ́n bóyá ìgbà ìdúró wà láàárín ọjọ́ tí ẹ sanwó àti ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé ibi tí físíò wà. Ẹ mú NIN ìyá yín dání, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé ètò ọ̀fẹ́ wà fún àwọn àgbàlagbà àti aláìní. Ó wà lóòótọ́: òfin ìlera ọdún 2014 ni ó ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó fún àwọn tí kò ní. Ẹ forúkọ ìyá sílẹ̀ níbẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò nílò àyẹ̀wò lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn alábọ́dé ń ṣe ni owó náà wà fún. Ẹ má gbójú lé e fún físíò.

Ní ti ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn. Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni agbára máa ń yára padà jù, oṣù tí a bá fi sinmi nínú rẹ̀ kò sì ṣeé rà padà. Bí dókítà bá ti ní ara ìyá ti balẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka físíò ní EKSUTH nígbà tí ẹ ṣì ń ṣe ètò káàdì, kódà bí ẹ óò bá fi owó ọwọ́ san ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó fún físíò láì fi bò, kí ẹ ní kí ó kọ́ ẹ̀yin àti ẹni tí ó ń dúró ti ìyá nílé ní ohun tí ẹ ó máa ṣe láàárín ìbẹ̀wò kan sí èkejì. Físíò tí ó mọṣẹ́ yóò fi tayọ̀tayọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ilé ni aláìsàn ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀.

Ohun kan tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí ni èjìká wọn. Apá tí kò lágbára wúwo, iṣan tí ó gbé e dúró sì ti rọ, nítorí náà èjìká náà lè yẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fi apá yẹn fà wọ́n dìde tàbí tí ó ki ọwọ́ bọ abíyá láti gbé wọn. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé. Bí wọ́n bá jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má baà dá sí wọn lára. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbé omi àti rédíò síbẹ̀, kí wọ́n lè máa yíjú sí i. Oúnjẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó fún wọn ní nǹkan mìíràn.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌKẸ́RẸ́-ÈKÌTÌ

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń fi ẹ̀rọ wọ́ ènìyàn lára, ó pe ara rẹ̀ ní físíò, ó sì ní òun lè gba káàdì adójútòfò mi bí mo bá fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé kí n fún un?

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ má fún un. Kò sí ilé ìwòsàn tí ó ń fi nọ́ńbà káàdì nìkan gba owó físíò láìsí lẹ́tà àti kóòdù, nọ́ńbà yín sì lè di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yín jẹun lé lórí.

Àjọ tí ó ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni MRTB, òfin ọdún 1988 ni ó dá a sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gboyè físíò ní yunifásítì, kí ó sì fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gba ìwé àṣẹ wọn, ọdọọdún sì ni wọ́n ń tún ìwé náà gbà. Ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ti ọdún yìí hàn yín. Ẹni tí ó ní i kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Físíò tòótọ́ yóò bi yín ní ìgbà tí ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀, yóò ní kí ẹ tẹ̀ kí ẹ nà, yóò dán agbára ẹsẹ̀ yín wò, kí ó tó gbé ọwọ́ lé yín rárá. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń kú tìpìrì tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dání mọ́, ẹ má dúró de físíò kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó wá lẹ́tà referral, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ HMO yín bóyá káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ti yọ orúkọ yín, ẹ béèrè ètò tí ó wà fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ ọ́fíìsì NHIA, kí ẹ sì mú ìwé ìfẹ̀yìntì àti NIN yín lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.